Ìyá Méjì-Méjì Gba Ìsinmi

Ìyá Méjì-Méjì ni gbogbo wa ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ló ń bójú tó iná àti ẹ̀rọ amúlétutù nílé ńlá kan tó kún fún kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn àti ilé ìfowópamọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà yìí kì í sùn, ooru wọn sì lè dín ẹyin. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ gbà á; bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, òmíràn gbọ́dọ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti amúlétutù. “Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, méjì-méjì ni,” Ìyá á wí.

Ọdún ń gorí ọdún, kò gba ìsinmi. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ nílùú mìíràn, fọ́tò ọmọ ló ń wò nídìí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wa obìnrin ti bá a.

“Ìyá, gbogbo ẹ̀rọ ilé yìí ló ní àrọ́pò. Ta ni tiyín?”

Ìyá fi fọ́tò náà sápò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Aláwàdà níṣẹ́ nìyẹn. Aláwàdà ló ń tún amúlétutù ṣe. Ó mọṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ìyá á ní kó fetí mọ jẹnẹrétọ̀ tí ara rẹ̀ ò yá.

“Èyí ń húkọ́ bí àna mi, Ìyá.”

“Àna ẹ ò burú. Wo ọ́ìlì rẹ̀.”

Ìyá wá gba ìsinmi lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń ta bí ata, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fóònù dún. Ó sáré gbé e.

“Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o,” Aláwàdà ní. “Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kìíní jí, ó húkọ́, ó kú. Bátìrì gbé wa dúró títí ìkejì fi gbà á. Amúlétutù kan pẹ̀lú ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo bá tan àrọ́pò rẹ̀.”

“Yàrá kọ̀ǹpútà ńkọ́?”

“Súwẹ́tà ló wà lọ́rùn mi báyìí! Kò sẹ́ni tó mọ̀ níta pé nǹkan ṣẹlẹ̀.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná.

“Màámi, ṣé kò sí o?”

“Kò sí o! Wọn ò nílò mi níbi iṣẹ́!” Ṣe ló dà bíi pé ó jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹ̀rín náà jí ọmọ, ọmọ figbe ta. Ìyá pọ̀n ọ́n, ó ń jó káàkiri pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá. Oṣù kan gbáko ló lò.