Ọjọ́ Tí Wọ́n Lu Mẹ́dà Bàbá Mi Ní Gbàǹjo

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ ìkórè ọdún náà. Wọ́n ti so ìrèké mọ́ gbogbo òpó, iṣu jókòó lórí iṣu níwájú pẹpẹ, àkùkọ kan tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀ sì ń bá àwọn akọrin du ohùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà n'Ífẹ̀ nígbà náà, ẹ ó rántí pé ìkórè ju Kérésì lọ lójú ọmọdé.

Inú mi dùn gan-an ni. Bàbá mi, tó jẹ́ ṣọ́jà, ti dé láti Láìbéríà, níbi tí wọ́n kó wọn lọ láti pẹ̀tù sí ogun àwọn ará ibẹ̀. Ó ti rù, kì í sì í fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó dé láàyè. Lọ́jọ́ tó wọ agboolé wa n'Írémọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, Màmá Àgbà. Kó tó mú ohunkóhun mìíràn jáde nínú báàgì, ó fi mẹ́dà, irin àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi dá àwọn ṣọ́jà lọ́lá, lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Ìyá mi." Màmá gbà á, ojú rẹ̀ sì yí padà. A rò pé ayọ̀ ni.

Àṣé nígbà tí ogun le, Màmá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ọmọ òun bá dé láàyè, ohun tó bá kọ́kọ́ fi lé òun lọ́wọ́ di ti ìkórè. Aṣọ ló ń retí. Ó sì máa ń sọ fún wa pé, "Ẹnu tí mo fi bẹ Ọlọ́run, mi ò ní fi parọ́ fún un." Kò sọ fún bàbá mi. Bóyá ó rò pé gbogbo ìjọ ni yóò máa du mẹ́dà náà, tí yóò sì di iyì fún ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n lu ẹrù ní gbàǹjo lábẹ́ igi. Ewúrẹ́ lọ, iṣu lọ, kódà wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí elégédé. Ni télọ̀ Òkè-Ogbó kan, tó ń lu gbàǹjo náà, bá gbé mẹ́dà sókè. Bàbá mi fò dìde, ó wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́, ọmọ mi," Màmá wí jẹ́jẹ́. "Torí kó o lè dé ni."

Bàbá mi rọra jókòó.

"Ta ló fẹ́ ẹ? Irin ni o, kì í jẹrà!" télọ̀ náà ké. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó dá owó lé e. Ìyá kan lẹ́yìn wa ń kùn pé ohun ogun ni, ta ló mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Oníṣòwò kan láti Ẹnuwà pariwo pé, "Ẹ gbé àkùkọ yẹn wá jàre!" Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Bàbá mi, tó máa ń sọ fún wa pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ló nawọ́ sókè. "Èmi gbà á." Àwọn kan pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ni. Ó la àárín wọn kọjá, ó sanwó, ó padà wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ́ yín ti pé, Ìyá mi. Ẹ gbà á báyìí."

Màmá sunkún. Èmi bínú sí àwọn méjèèjì, mo rò pé wọ́n ti bà wá lórúkọ jẹ́.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ọjọ́ náà lọ báyìí. Ojú ṣì ń tì mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí tiwọn mọ́. A pọ̀ lábẹ́ igi yẹn, a mọ iye tí elégédé tó, kò sì sẹ́nì kan tó bi ọkùnrin náà pé kí lojú rẹ̀ rí ní Láìbéríà. Èmi ọmọ rẹ̀ náà kò bi í, títí ó fi kú.