Òkè Gbígbẹ Tó Rán Omi sí Wa

Ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n bí mi sí, ní Ìdànrè, níbi tí èèyàn ti ń gbójú sókè kó tó mọ̀ bóyá kí òun sá aṣọ. Nígbà tí mo wá bá ọkọ mi ní Houston ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti ilé wa ní Mission Bend títí dé La Porte, níbi tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kẹ́míkà, n kò rí gegele kan. Afárá freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, ló ga jù. Bí mọ́tò wa bá ti ń gùn ún, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà a pariwo pé, "Mummy, òkè!" Àánú rẹ̀ a ṣe mí.

Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn tó ń wá epo. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sọ fún mi pé òkè kan wà ní ìwọ̀-oòrùn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ igbó, tí èkejì gbẹ bí aṣálẹ̀.

"Òkè kan náà, Bàbá?"

"Òkè kan náà ni, ìyàwó wa. Lọ fojú ara rẹ wò ó."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sinmi. Mo gbé e dé iwájú ọkọ mi.

"Ìrìn odindi ọjọ́ kan nìyẹn," ó ní. "Kí la fẹ́ lọ wá níbẹ̀?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi lóṣù kẹjọ, a gbéra.

Bí a ṣe ń lọ ni igi ń kúrú, tí ó sì ń jìnnà síra. Òógùn tó máa ń lẹ̀ mọ́ wa lára ní Houston gbẹ dànù. Ètè mi ń ya bíi ti ìgbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ooru ló ń mú. A sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lọ́nà, nígbà tó di àárọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò gun òkè náà.

Ní ìsàlẹ̀, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún àti koríko pípọ́n nìkan ló wà. Nígbà tí a gùn ún dé ìdajì, igi kéékèèké yọjú. Nígbà tí a súnmọ́ òkè téńté, ọmọ wa ní òtútù ń mú òun. Ọkọ mi dá mọ́tò dúró, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Mo bu erùpẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń pa á tààrà: ó gbóná, ó kúnná bí ìyẹ̀fun. Mo rìn yí àpáta po lọ sí apá àríwá, mo bu èyí tó wà lábẹ́ igi: ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Òótọ́ ni Bàbá sọ. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí òjò kan lọ́ọ̀ọ́kán, tó so rọ̀ bí òwú aláwọ̀ eérú láti inú àwọsánmà, tí kò sì kan ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti mu ún tán lójú ọ̀nà.

Lọ́sàn-án, nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, a dé ibi tí ọ̀nà ti gba inú odò gbígbẹ kan kọjá. Iyanrìn funfun ni gbogbo rẹ̀. A páàkì síbẹ̀, èmi àti ọmọ mi ń ṣa òkúta. Ni ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan tó wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré dé etí odò bá ń tẹ fèrè.

"Ẹ jáde níbẹ̀! Ẹ gbé mọ́tò yín kúrò!"

"Ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn, Mà," ọkọ mi dáhùn.

Wọ́n nawọ́ sí orí òkè tí a ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ṣú dùdù. "Ọ̀hún ló ti ń rọ̀. Ibí ló ń bọ̀."

A kó wọ mọ́tò, a sá gun etí odò. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró kan, bíi kí ọkọ̀ ńlá máa da òkúta. Àgbàrá yọ, ó pupa, ó ń hó, ó ń ti ẹ̀ka igi síwájú. Ó bo ibi tí a páàkì sí tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ mi di mí lẹ́sẹ̀ mú. Ọkọ mi kò lè sọ ju "Olúwa, a dúpẹ́" lọ.

Ọ̀nà ti dí, nítorí náà a jókòó ti ìyá náà, wọ́n bu kọfí fún wa. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ tí omi bá máa dé.

"A kì í mọ̀. Orí òkè la máa ń wò."

"Ibo ló wá ń lọ, Mà? Ṣé ó ń dé òkun ni?"

"Òkun kẹ̀? Ilẹ̀ ló ń mu ún. Ẹ tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i."

Nígbà tí omi fà, ọkọ mi fẹ́ ká máa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ ká kọ́kọ́ gba ọ̀nà eléruku tó wà létí odò náà. A wa mọ́tò lọ díẹ̀díẹ̀ títí a fi bá iwájú omi náà. Kò hó mọ́. Ó ti di ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rá pálá lórí iyanrìn. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá a rìn, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, ó ń wò ó bí ó ṣe ń falẹ̀, títí omi náà fi dúró, tí iyanrìn sì mu ún tán.