Fáìlì Tó Ń Jẹ́ Ìwọ̀n Kọ́tìnì

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọkùnrin náà lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká rántí pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbáko ló fi ṣe sítọ́kípà ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páìpù omi, bóòtù páìpù kan ṣoṣo ò sì sọnù lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò fẹ̀yìn tì lára ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn fáìlì inú ti àtijọ́ sínú ẹ̀, Ẹnjiníà tó wá bá wọn ṣe é ní iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Ọjọ́ kẹta rèé, létà G ni wọ́n wà.

"Ẹrù kì í rìn láìníwèé," ni Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Ó fa ìlà sínú ìwé gbàǹgbà kan: orúkọ ẹrù, ọjọ́ tó jáde, ọjọ́ tó wọlé, ipò tó wà, ìfọwọ́sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó wà nínú ẹ̀ bá orúkọ ẹ̀ mu, kó tó kọjá. Ó gbé àga fún ìyàwó ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní òun ló máa ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè, kó máa fọwọ́ sí gbogbo ohun tó bá jáde. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe ìyàwó náà. Ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ló gbẹ̀bí wọn, kó tó wá di olùṣọ́ fáìlì nígbà ogbó.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ látorí fáìlì àkọ́kọ́.

"Ó ti kọjá, sà," ni Ẹnjiníà wí.

"Kí ló dé tó ṣì wà níbí?"

"Ẹ̀dà ni mo ṣe, Bàbá. Ó wà níbí, ó tún wà lọ́hùn-ún."

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ bọ́ awò ojú ẹ̀. "Ẹrù kan ṣoṣo, sítọ́ọ̀ méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè sí irú ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ìyẹn náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ sórí òṣùwọ̀n tí Nọ́ọ̀sì fi ń wọn àwọn aboyún nígbà kan rí, ó wọn tuntun náà. Nígbà tí irínwó fáìlì ti kọjá, ó tún wọ̀n wọ́n. Èyí tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú ẹ̀ ò fúyẹ́, èyí tí wọ́n di ẹrù sí ò wúwo. Ó wo Ẹnjiníà tìfura-tìfura, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ìwádìí.

Létà A nìkan gbà wọ́n ní ọjọ́ kan gbáko nítorí fáìlì kan tó ń jẹ́ Àga Mẹ́fà Yàrá Ìjókòó. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ jókòó, ó ka àga, márùn-ún ló rí. Ó tún un kà, márùn-ún náà ni. Ó bi ìyàwó ẹ̀ léèrè ta ló yá kẹfà, ó pe àwọn ọmọ lórí fóònù, ó ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Agogo mẹ́rin kọjá kí Ẹnjiníà tó rí ẹnu sọ pé, "Bàbá, èyí tí ẹ jókòó lé ńkọ́?"

Ẹ̀rín ló yẹ kí Nọ́ọ̀sì rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò wá. Ohun tí ń bẹ lọ́kàn ẹ̀ ju àga lọ. Nínú létà I, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ Ìwọ̀n Kọ́tìnì, kò sì sí kọ́tìnì kankan nínú ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló kọ ọ́. Láyé ìgbà náà, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ní ìwé kan nínú ilé ìdáná. Ìyàwó ò gbọdọ̀ mú iyọ̀, ọṣẹ tàbí kóró ṣúgà kan láìfọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì fara dà á títí, ó sú u. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Bàbá wọn, mo ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè fọwọ́ sí ṣúgà mọ́. Bí ẹ bá dé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ìyàwó kan jáde, kò sì ní padà." Ó di àpótí ẹ̀. Ó kù kó tẹ lẹ́tà náà jáde sórí ìwé, ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ní yíǹkì ti tán. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ ẹ̀ ni yíǹkì wà, ẹni tó bá sì fẹ́ mú un gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì wo páálí yíǹkì, ó wo ìwé, ó wo bírò. Ó búra pé òun ò ní fọwọ́ sí i láéláé. Ó tú àpótí ẹ̀ sílẹ̀, ó fún lẹ́tà náà lórúkọ tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní dúró lé, ó sì lọ dáná. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan sígbà náà tí ìwé ilé ìdáná dàwátì. Ó rò pé ojú ewé ló tán. Kò béèrè, kí ó má baà rán an létí láti ra òmíràn.

Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó mọ̀ ju òun lọ pé orúkọ kọ́tìnì gan-an ló máa gbé ọkùnrin yìí dìde? Yóò ṣí i, yóò fa tépù yọ, yóò lọ wọn fèrèsé. Wọ́n ti jọ dàgbà báyìí, wọ́n ti jọ ń jẹ ayé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbínú yẹn bá a lálejò.

Ìdí nìyẹn tí ó fi dán ohun kan wò ní ọjọ́ kejì. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ wà ní balùwẹ̀, Ẹnjiníà ń gba ìpè lójúde, Nọ́ọ̀sì yára ju fáìlì náà sínú pàǹtírí kọ̀ǹpútà. Ọkọ ẹ̀ jáde tòun ti ọṣẹ létí, ó ka iye tó kù, ẹyọ kan dín. Ó ti ilẹ̀kùn àbáwọlé, ó ní ẹnikẹ́ni ò jáde. Ó tú báàgì Ẹnjiníà wò, ó wo abẹ́ tìmùtìmù. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i nínú pàǹtírí.

"Ta ló jù ú síbí?"

Ẹnjiníà wo ojú Nọ́ọ̀sì fìrí. "Ó máa ń ṣubú fúnra ẹ̀ nígbà míì, sà."

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ wo orúkọ fáìlì náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá a padà sípò.

Nígbà tí wọ́n wá dé létà I lọ́jọ́ kẹta, Nọ́ọ̀sì ti sún àga ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìwé Ìlera kọjá. Ìwé Ìlera kọjá. Ó dìde lórí àga ẹ̀.

"Ìwọ̀n Kọ́tìnì," ni Ẹnjiníà kà. Ó na ọwọ́ láti ṣí i.

"Gbé e kọjá," ni Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ wí.

"Ẹ ò ní yẹ̀ ẹ́ wò, sà? Gbogbo ìyókù lẹ yẹ̀ wò."

"Mo ti yẹ èyí wò."

Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé ìwé kan jáde tí eruku ti bò. Ìwé ilé ìdáná ni. Ó ṣí i síwájú ìyàwó ẹ̀. Ojú ewé ò tán, kò tilẹ̀ dé ìdajì. Ohun tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni: "Ṣúgà, kóró mẹ́ta," àti ìfọwọ́sí Nọ́ọ̀sì. Abẹ́ ẹ̀ ni ọkọ ẹ̀ fi bírò pupa kọ ọ́ sí: "Mo ka Ìwọ̀n Kọ́tìnì. Mo ti ìwé yìí pa."

Omi lé ròrò sójú Nọ́ọ̀sì. "Ẹ mọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, ẹ ò sọ fún mi?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? O ò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ẹrù tí wọn ò tíì kó wá, sítọ́kípà kì í sọ pé òun ti gbà á." Ó nu awò ojú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ awò náà ò dọ̀tí. "Ẹ̀rù bà mí, ìyá wọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń dé, mo máa kọ́kọ́ wò ó bóyá àpótí ẹ wà níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́ nígbà náà."

"Rárá o. Tí ọwọ́ bá ń yún mi láti la ìwé tuntun fún ilé ìdáná, òun ni mo máa ń lọ kà."

Ẹnjiníà tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba bírò. Ó fọwọ́ sí i pé fáìlì kan jáde, ó sì tún fọwọ́ sí i pé ó wọlé. Lẹ́yìn náà ló lọ po tíì fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Bàbá wọn, kóró ṣúgà mélòó ni kí n fi sí i?" ló ké láti ilé ìdáná.

Ọkùnrin náà pa ìwé ilé ìdáná dé. "Èyí tó bá wù ẹ́," ló wí. "Ta ló ń kà á?"