Ìrun Tí Bàbá Mi Pè Nítorí Ajẹntínà

Bàbá mi, Sírájúdéènì Alárápé, kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n olóríkunkun ni. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó ń ránṣọ ní Gariki, l'Énúgu. Ohun méjì péré ló ń wá láyé nígbà náà. Èkíní ni kí wọ́n fi òun jẹ ládánì, ẹni tó máa ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa. Èkejì ni kí ẹnìkan, ẹnikẹ́ni, na àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní bọ́ọ̀lù.

Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan ló dá ìjà yìí sílẹ̀. Ó dá ṣòkòtò padà fún bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ìyá mi, Àmátúlláhì, wọ̀n ọ́n, ó ní òótọ́ ni òyìnbó ń sọ. Bàbá mi ní ẹsẹ̀ òyìnbó náà gan-an ni kò dọ́gba. Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù tó bá ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbá bọ́ọ̀lù ti di ẹbí wa. Lọ́dún 1962, ó kan Ajẹntínà, ìlú tí bàbá mi kò mọ̀nà ibẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbá mẹ́ta wọlé wọn, Ajẹntínà dá ẹyọ kan padà. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, akọ̀wé rélùwéè tí a jọ ń gbélé, fi ọ̀rọ̀ náà yọ bàbá mi lẹ́nu fún ọdún mẹ́rin gbáko.

"Bàbá Sikirat, ẹ káàárọ̀ o," á ní, á fi orúkọ mi pè é. "Three-one."

Ọdún 1966 wá dé. Ọ̀rọ̀ ìjọba ló wà lẹ́nu gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló wà nílé tiwa. Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà yóò tún pàdé lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Àlùfáà Mọ́nsúrù, lémọ́ọ̀mù wa, ń dán bàbá mi wò fún oyè ládánì.

"Sírájù, ohùn rẹ ń lọ sókè," Àlùfáà ti wí fún un, "àmọ́ ńṣe lò ń pè wá bí ẹni ń pe èrò ọkọ̀ ní Ninth Mile. Kò sí ìbẹ̀rù Ọlọ́run níbẹ̀. Bí kò bá yí padà lọ́sẹ̀ yìí, Ìyàndá tí ẹ jọ ń du oyè náà ni mo máa fún."

Lọ́jọ́ Sátidé, Láyíwọlá gbé rédíò sójú fèrèsé, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, rẹfirí lé olórí ikọ̀ Ajẹntínà jáde. Ọkùnrin náà yarí, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Inú bàbá mi dùn sí olóríkunkun ẹgbẹ́ rẹ̀ yìí débi pé ó gbàgbé pé ibi ni wọ́n ń ṣe fún ẹbí òun. Ìgbà tí wọ́n lọ sinmi, kò tíì sí ẹni tó gbá a wọlé.

Ìgbà yẹn ló rántí ìrun Aláásárì. Àárín ìdajì kejì gan-an ni yóò bọ́ sí, Ajẹntínà sì ti ku mẹ́wàá. Igi kan ni a rì mọ́lẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí. Bí òjìji rẹ̀ bá kan òkúta kan, ládánì á pèrun. Lọ́jọ́ náà, òjò ṣú, òjìji ò sí. Bàbá mi wo ojú ọ̀run, ó sáré lọ, ó sì pe ìrun wéréwéré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Àwọn èèyàn ṣe àlùwàlá, wọ́n dé. Bí a ṣe sálámà, tí ìrun parí, ni oòrùn yọ. Àlùfáà jáde lọ wo igi, ó padà wọlé.

"Òjìji ò tíì dé ibì kankan," ó ní. "Ìrun tí àkókò rẹ̀ kò tó, eré ìdárayá lásán ni. Ẹ jókòó, a ó tún un kí. Sírájù, ìwọ náà jókòó, ìwọ lo máa pè é."

Bàbá mi jókòó. A ń gbọ́ ariwo rédíò láti ilé wa ní òdìkejì títì, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tí òjìji kan òkúta, ó dìde, ó ń pè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ládánì ti ń pe èèyàn wá síbi àṣeyọrí ni Láyíwọlá ké "Goal", tó ń lu abọ́ ìfọṣọ. A ò nílò ògbufọ̀ láti mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ló gbá a wọlé. Ohùn bàbá mi já. Ó fi ẹkún pe ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà dorí kodò, ẹnìkan tiẹ̀ ń nu ojú.

Lẹ́yìn ìrun, mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé àwọn obìnrin nígbà tí Àlùfáà pè é. "Ohùn tí mo ti ń retí nìyí," ó ní. "O ti ronú pìwà dà. Jímọ̀ tó ń bọ̀, a ó wé láwàní fún ọ."

Mo ń bẹ Ọlọ́run kí bàbá mi pa ẹnu mọ́. Kò pa á mọ́.

"Àlùfáà, ẹ má bínú," ó ní. "Ajẹntínà ni mò ń sunkún. Nítorí bọ́ọ̀lù náà ni mo ṣe pèrun ṣáájú àkókò."

Àlùfáà ní, "Ṣé mo bi ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ẹni tó jẹ́wọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bi í, a lè fi àkókò ìrun lé e lọ́wọ́. Lọ wá aṣọ láwàní. Bí bọ́ọ̀lù míì bá sì dé, sọ fún mi ní tààrà, Ìyàndá á bá ọ pè é."