Aago Inú Kọ̀ǹpútà Bímpé

Ogójì ọdún ni Sàká Afọlábí fi tún aago ọwọ́ ṣe ní Ìyànà Ìbà. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n níbikíbi tó bá wọ̀, aago ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, Bímpé. Akínṣọlá, oníbàárà kan, fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, aago mẹ́rin ni wọ́n sì máa tì í. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ṣùgbọ́n gbogbo ìkànnì tí Bímpé ń ṣí ni kọ̀ǹpútà ń kọ̀, ó ní kò sí ààbò níbẹ̀.

Akínṣọlá ní, “Àǹtí, ṣé kí n sáré lọ ra kọ̀ǹpútà mìíràn wá ní ọjà Àlàbá ni?”

Sàká tẹjú mọ́ igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà.

“Bímpé, ọmọ mélòó lo ti bí?”

“Méjì, bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ríṣẹ́ ṣe.”

“Nínú kọ̀ǹpútà yìí, o ò tíì lọ́kọ. Ọdún 2009 ló wà.”

Bímpé pariwo. Bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ náà ló ti kú, tí déètì fi padà sẹ́yìn. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní sì ní déètì tirẹ̀ tí kò bá 2009 mu, ìyẹn ni kọ̀ǹpútà kò ṣe gbà wọ́n gbọ́. Ó tún déètì ṣe, ìkànnì ṣí. Akínṣọlá parí fọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

“Àǹtí, ẹ mọṣẹ́ o!”

“Èmi kọ́,” Bímpé gbóhùn sókè kí àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ lè gbọ́. “Bàbá mi ni!”