Dòdò Ni Mo Fi Ń Jẹ́ Ìpè Bàbá Mi

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Àpòmù, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí wọ́n pe ọmọ, kó jókòó sójú kan kó máa dáhùn. Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ "Sà!" láti inú yàrá. Bí wọ́n bá pè ọ́, kí wọ́n ṣáà rí ọ níwájú wọn ni. Wọ́n á ní, "Ẹnu kọ́ la fi ń jẹ́ ìpè, ẹsẹ̀ ni." Èmi tí mo dàgbà jù nínú àwa ọmọ, mo jẹ ìgbátí púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kó tó wọ̀ mí lára.

Kátíkíìsì ni wọ́n ní ìjọ Áńgílíkà kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Àlùfáà kì í débẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, nítorí náà bàbá mi ló ń darí ìsìn, àwọn náà ló ń lu agogo, ìyẹn irin ríìmù táyà ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò. Kásọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìyá mi sì lẹ̀ ẹ́ títí a kò fi mọ èyí tó jẹ́ aṣọ àti èyí tó jẹ́ àbùlẹ̀. Iṣu tí ìjọ bá gbé wá la ń jẹ. Mo wo gbogbo èyí láti kékeré, mo búra nínú ọkàn mi pé n kò ní ṣe irú iṣẹ́ yẹn láé.

Àṣé bàbá mi ti fi mí jìn kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ mẹ́ta ló kú ṣáájú mi, wọ́n sì ti sọ fún Ọlọ́run pé bí èyí bá dúró, tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ta ló ń bi ọmọ inú oyún léèrè nǹkan?

Mo di tíṣà ní Ìkirè láàárín àwọn ọdún 1980, ìpè sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà. Mo ní kí n parí NCE ná. Mo parí rẹ̀, mo ní kí n gbéyàwó ná. Mo gbéyàwó, ìyàwó lóyún, àwáwí ò tán lẹ́nu mi. Bí ìpè bá ti dé, màá ra dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì, èyí tó dúdú, tó ta lẹ́nu, tí wọ́n fi ewé dì, màá wọ mọ́tò lọ sí Àpòmù. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á súre fún mi, èmi á padà sílé. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Nígbà tí a fi máa wọ àwọn ọdún 1990, ojú wọn ti ń ṣú. Awọ funfun bo ẹyinjú méjèèjì. Ìpè náà wá kéré sí i. Wọn ò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà mọ́. Wọ́n ní, "Ṣáà máa wá bá mi ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Màá ṣe ìyókù." Ṣé ìyẹn tó nǹkan? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo mọ àwọn ará ìjọ yẹn. Bí mo bá dúró níwájú wọn lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ní àrólé kátíkíìsì ti dé, ó parí nìyẹn. Mo ra dòdò.

Ẹni tó jẹ́ ìpè náà ni ọmọ Alájì tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ọmọbìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́sàn-án Sátidé, tó bá ti ilé-kéú dé, á wọlé pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀, á jókòó sórí àpótí, á máa ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ti ọjọ́ kejì fún bàbá mi títí yóò fi wọ̀ wọ́n lórí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá mi á ṣí ìwé, wọ́n á kọjú sí i, wọ́n á máa kà á láti inú orí. Mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán sà. Bàbá ti mọ ti ọ̀la tán."

Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ kò bínú.

"Àwọn ni wọ́n ní kí n máa wá sà. Wọ́n ní bí àgbà bá pe èèyàn, kéèyàn lọ ni."

Ojú tì mí. Mo padà sí Ìkirè bákan náà.

Nígbà tó yá, ọmọ náà wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ilé-Ifẹ̀. Ìyá mi, tí kò mọ̀wé rárá, ránṣẹ́ sí mi pé Sátidé kan ti kọjá, kò sẹ́ni tó kàwé fún bàbá mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́: mo pinnu lọ́jọ́ náà. Mo ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ti ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ nílé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mò ń lọ kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibùdókọ̀, mo tún ra dòdò dání.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà, mo jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó kan ẹ̀kọ́ kìíní, bàbá mi ṣí Bíbélì, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú orí wọn láti kà. Ikọ́ gbé mi. Wọ́n mọ ikọ́ mi. Inú wọn dùn débi pé gbogbo ìjọ rí i lójú wọn. Wọ́n pè mí lórúkọ, wọ́n ní kí n wá ka ẹ̀kọ́ kìíní.

"Sà!" ni mo dáhùn, lórí ìjókòó.

Ó ti jáde kí n tó mọ̀. Bàbá mi gbọ́ ọ, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé Bíbélì ńlá náà, wọ́n nà án sí ibi tí wọ́n rò pé mo ti ń bọ̀. Mo ní kí n dìde. Ẹsẹ̀ kọ̀. Mo tún gbìyànjú, àfi bíi pé wọ́n kàn mí mọ́ bẹ́ńṣì. Gbogbo ìjọ yíjú wò mí. Bíbélì wúwo, síbẹ̀ bàbá mi ò gbé e sílẹ̀. Mo di dòdò mú lórí itan, epo rẹ̀ ń wọ ṣòkòtò mi, omijé ń bọ́ lójú mi. Bí èèyàn ṣe lè wà láàyè kó má lè ran bàbá tó bí i lọ́wọ́ níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ títí dòní.

Ìyá mi ló dìde níkẹyìn. Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B rìn lọ síwájú, ó gba ìwé lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó rọra gbé e sórí tábìlì. Ẹnì kan dá orin.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá bàbá mi lábẹ́ máńgòrò, mo gbé dòdò lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka tẹ ewé náà wò. Wọn ò bínú.

"Dòdò ti dé," wọ́n ní. "Ìwọ ńkọ́?"

Bàbá mi papòdà kí ìkórè ọdún náà tó dé. Ìjọ tú ká, àwọn ẹlòmíì lọ sí ìjọ ńlá láàárín ìlú, àwọn kan ò lọ síbì kankan mọ́.

Èmi náà ń ka ẹ̀kọ́ ní ìjọ wa ní Ìkirè báyìí. Kí wọ́n tó pè mí tán, mo ti dìde. Àlùfáà wa, tí mo lè bí, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín mà yá o." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá débẹ̀, Bíbélì ti wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó nà án sí mi.