Ibi Tí Apá Ẹ̀gbọ́n Ń Sinmi Lé

Ó lá àtàǹpàkò rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, kó tó gbé e lé ojú fóònù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù kì í mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló kan òun. Fáníìṣì tó ti ń gbẹ mọ́ ọn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti sọ ojú ìka náà di pákó. Ó fi ìka méjì fa àwòrán náà fẹ̀. Gìtá oníná kan ló wà níbẹ̀, pupa rẹ̀ ti ṣá, wọ́n gbé e ti ògiri. Lápá òkè, níbi tí apá ẹni tó ń ta á máa ń sinmi lé, ọ̀dà ti jẹ tán, igi ti yọ síta, ó rí gbọọrọ bí ewé. Ó tún fà á fẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló jókòó. Àga oníbàárà ló jókòó lé, fáníìṣì orí rẹ̀ kò sì tíì gbẹ.

Dígí ni wọ́n ń pè é. Káfíńtà tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù ló ń kan àga àti tábìlì. Dígí ló ń fá wọn, tó ń dí ihò ara wọn, tó ń kùn wọ́n títí wọn yóò fi máa dán. Wọ́n ní èèyàn lè máa wo ojú ara rẹ̀ nínú tábìlì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kó fi fá irùngbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ní ká ní ó lè kun òun náà bẹ́ẹ̀ ni, òun ì bá má gbó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni gìtá inú àwòrán yẹn. Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n tà á kí Dígí lè rí ọ̀nà kọ́ṣẹ́. Kò ráhùn rí. Ó lọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan títí ó fi fẹ̀yìn tì, títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi fọ́. Ní báyìí, yàrá ẹ̀yìn nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ó ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ dalẹ́, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ okùn tí kò sí níbẹ̀. Oúnjẹ kò wù ú mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ohun tó ń fẹ́.

"Dígí, ká ní mo lè tún gbé e lé itan lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó lọ."

Láti ọjọ́ náà ni Dígí ti ń wá a. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní ojú jíjẹ yẹn, àfi èyí tó rí lónìí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bí apá bá pẹ́ lára igi, igi á gba ìrísí apá. Nígbà tó wà ní kékeré, ojú ibẹ̀ ló máa ń fi ìka tọ títí oorun á fi gbé e lọ. Ó ní kí ọkùnrin tó ń tà á fi fọ́tò ẹ̀yìn gìtá ránṣẹ́, ó sì rí i níbẹ̀: ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ta tí irin bẹ́líìtì ẹ̀gbọ́n dá sí i.

Ó kọ̀wé béèrè pé kí ló dé tí nǹkan tó ti ṣá, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó tán, fi wọ́n ju tuntun lọ. Ọkùnrin náà fèsì pé gbígbó yẹn gan-an ni wọ́n ń rà, pé kò sẹ́ni tó tíì tún un kùn rí. Dígí ka èsì náà fún káfíńtà, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Káfíńtà ní àwọn ti ń fi òmùgọ̀ ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí, ìdọ̀tí ló yẹ kí àwọn máa tà. Dígí ta ẹ̀rọ tó fi ń fọ́n ọ̀dà, ó fi rà á.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, gìtá dé nínú páálí. Ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́, ojú sì tì í. Ohun tó sọ òun di èèyàn rèé, tó ṣá bí ẹ̀wù àlòkù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òun Dígí yóò ṣe gbé e padà fún ẹni tó tà á nítorí òun? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ó wí fún káfíńtà. Ó mú sáńpépà líle, ó mú èyí tó fẹ́lẹ́, ó fá a títí gbogbo ara rẹ̀ fi dọ́gba. Ó fi ẹ̀rún igi àti gúlúù dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi àkísà kùn ún lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Bó bá gbẹ, á fá a, á tún un kùn. Kò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún fìlà rẹ̀ dé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní bàbá òun kò jẹun láti àná, ṣùgbọ́n ó ti ní kí wọ́n fá irùngbọ̀n òun, ó sì ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Dígí gbé gìtá náà lé e nítan. Ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n di ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni pé àná ló fi í sílẹ̀. Ó gbé apá ọ̀tún lé e. Apá náà yọ̀. Ó tún un gbé. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí gìtá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó jábọ́. Ó lọ, ó bọ̀. Ó yí gìtá náà dà, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ta okùn kan. Dígí ń wo àtàǹpàkò yẹn. Ìgbà náà ló tó yé e.

"Ó dán," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ẹ̀gbọ́n tún fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ, àbúrò mi. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ta ni wọn kì í rẹ́ jẹ lórí fóònù yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, òun náà ni. Èmi ni mo fá a. Èmi ni mo dí ihò ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ìwọ?" Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ tí o máa ń fi ìka tọ ojú ibẹ̀ kí o tó sùn? O ò lè fá a."

Dígí ní fọ́tò rẹ̀ wà, pé kí ọmọ wá wò ó, kó sì sọ ohun tó bá rí. Ẹ̀gbọ́n mi orí.

"Fọ́tò ni wọ́n fi tàn ọ́, o tún fẹ́ fi tan afọ́jú. Má parọ́ nítorí tèmi, Dígí. O ti gbìyànjú."

Ó na gìtá náà sí iwájú títí Dígí fi gbà á. Ó ní kó dá a padà fún wọn, bóyá wọ́n á gbà á. Ó wá dùbúlẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó kọjú sí ògiri, ó ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ dúró pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tó ti tutù. Ó wo gìtá náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Ó mà rẹwà o, Bọ̀ọ̀dá Dígí."

Dígí ní ó dàbọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó já sí títì. Oòrùn bọ́ sára gìtá náà, ó sì ń kọ yànràn sára ògiri àwọn ilé, láti ilé dé ilé, bó ṣe ń lọ.